Máòsì Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọkùnrin kan wà, ìyàwó ọmọ mi, tí ọ̀gá rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Jókòó dáadáa kí o gbọ́ mi. Fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ìbàdí rẹ lè sinmi díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní iwájú kóòtù ìbílẹ̀, ní ìlú kan tí kò tóbi tí kò sì kéré. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó fẹ́ búra ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀, ẹni tí aládùúgbò ti mọ ògiri wọ ilẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́ fẹjọ́ sùn, gbogbo wọn á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀gá á máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ìwé á sì jáde.

Ohun méjì ni wọ́n fi mọ ọ̀gá náà ní gbogbo àdúgbò. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kí o tó sọ̀rọ̀ tán ni ìwé ti ń gbóná bọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ níwájú rẹ̀ kì í bá ọ pàdé ní ọjà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Àwọn kan kọ́kọ́ ń rojú bó bá fi ọwọ́ òsì na ìwé sí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ilé ọ̀gá ló ti ń jẹun. Nígbà tó ṣe fírídọ́ọ̀mù tán, kò lọ, ó dúró ti ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nígbà náà, kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ ni òun máa ń lò. Ọdún tí kékeré yẹn bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ọdún náà ni àìsàn dá ọ̀gá dùbúlẹ̀.

Ọ̀gá pè é sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó ọ̀gá dúró níbẹ̀. Ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Bí o ṣe bá a ni kí o ṣe tọ́jú ẹ̀. Má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ti gbọ́, òun kò ní bà á jẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n sin ọ̀gá.

Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí gẹ́lẹ́ ló ṣe dì í mú. Kàlẹ́ńdà ara ògiri jẹ́ ti ọdún tí ọ̀gá kú, kò yọ ọ́. Àga ọ̀gá ga, nítorí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gùn. Ọkùnrin yìí kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, ó kàn ń fì dirodiro ni. Kò wá àga mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ẹ́ pa á ni máòsì.

Máòsì ni ohun kékeré kan tó rí bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi fọṣọ díẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á da ọwọ́ bò ó. Bí o bá tì í síhìn-ín, ọfà kékeré kan á rìn síhìn-ín lójú kọ̀ǹpútà. Bí o bá tì í sọ́hùn-ún, ọfà náà á lọ sọ́hùn-ún. Ibi méjì ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí, òsì àti ọ̀tún. Ti òsì ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá gbé ọwọ́ lé e, ibẹ̀ ni ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń bọ́ sí.

Ọ̀gá ti yí gbogbo rẹ̀ padà sí ti ọlọ́wọ́ òsì. Ó gbé máòsì sí apá òsì tábìlì. Iṣẹ́ tí òsì ń ṣe, ó gbé e fún ọ̀tún. Nítorí pé ọwọ́ òun yá, ó jẹ́ kí ọfà máa sáré bí aláǹgbá tí wọ́n sọ òkò sí. Nítorí pé ojú òun ríran kedere, ó jẹ́ kí ọfà náà kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí ìwé, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíá kíá, bí adìẹ ṣe ń ṣá àgbàdo. Bí ìka bá fà díẹ̀ láàárín méjèèjì, ìwé kò ní ṣí.

Ó bá ọ̀gá lára mu bí ẹ̀wù tí wọ́n rán mọ́ ọn.

Ọkùnrin yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ìka rẹ̀ kò yá. Síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì lé máòsì ọ̀gá, ó ń bá a fà á láràárọ̀. Ó fẹ́ kí ọfà dúró síbí, ọfà á ti dé ẹ̀yìnkùlé. Á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwé kò ní ṣí. Á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, á wá ṣí ìwé ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọwọ́ òsì lo fi ń kọ orúkọ bàbá mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ọ̀gá rẹ, wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ìwọ ń kọ́? Àná ni wọ́n tún ọ bí?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó tó oṣù méje tó ti ń bá a bọ̀ báyìí. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wú. Á fi ìpara pa á lálẹ́, á fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í láàárọ̀, á tún gbé e lé máòsì. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́sàn-án á wà lórí bẹ́ǹṣì di ọ̀sán. Bí wọ́n bá ní kó yára díẹ̀, á jágbe mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ẹni tó ń jágbe mọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀. Ìrora ló ń jágbe.

Ó tún wá ku ọ̀kan. Ó tẹ lẹ́tà kan fún obìnrin kan, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó fẹ́ pa á dé. Ọfà fò kọjá ibi tí wọ́n ti ń pa á dé. Ó tún darí rẹ̀, ó tún fò. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní òun máa padà pa á dé. Ẹni tó wọlé tẹ̀ lé obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń bá a jà lórí ilẹ̀ ni. Ó rọra na ọrùn, ó kà á tán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ohun tí obìnrin náà fẹ́ sọ ní kóòtù.

Ìyàwó, èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n tún tò. Ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń yí gbogbo rẹ̀ padà, ó sì mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ ẹnu ọ̀nà ilé. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lókè, tó bá màdáàmù olórí ilé ìwé tún tirẹ̀ tò. Màdáàmù ní ọfà òun ń sáré jù. Ó dín in kù fún un. Màdáàmù ní òun kì í rí i. Ó jẹ́ kó tóbi. Màdáàmù ń yin Ọlọ́run. Ọkùnrin náà gba ọpẹ́, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ bá tirẹ̀ jà.

Màdáàmù yìí kan náà ló gbé iṣẹ́ wá fún un. Àwọn ọmọ tó ń jáde ìwé mẹ́fà fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́rin. Kó tẹ orúkọ gbogbo wọn, kó má ṣi ọ̀kan kọ. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fún wọn níwájú òbí wọn. Ọjọ́ Ajé ló gbé e wá, ó ní òun máa wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ó fi ọjọ́ mẹ́ta wọ́ ọgọ́rin orúkọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró kó fi na ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun pa iṣẹ́ náà mọ́. Ó darí ọfà sí ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọfà fò kọjá, ó balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìka rẹ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́.

Ọgọ́rin orúkọ lọ lójú ẹsẹ̀. Kò tíì pa ìkankan mọ́, ṣe ló ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn lálẹ́, nítorí wàhálà máòsì yẹn kì í jẹ́ kó fẹ́ pa nǹkan mọ́ léraléra.

Ọkùnrin náà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé ìyàwó ọ̀gá lọ. Ó ti pinnu. Ó fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó gbójú sókè.

"Kí ló dé? Ṣé iná jó ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Rárá, Ìyá." Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde dáadáa. "Kọ́kọ́rọ́ yín rèé. Ẹ wá ẹlòmíràn fi síbẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo ṣèlérí fún ọ̀gá, mi ò lè ṣe é."

Ìyá gba kọ́kọ́rọ́, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí aṣọ tó dì mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yẹn?"

"Máòsì ni, Ìyá."

"Ọwọ́ òsì? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bu oúnjẹ fún ọ, mi ò rí i kí o fi òsì bu òkèlè rí. Kí ni òsì ń wá nídìí máòsì?"

"Bí ọ̀gá ṣe tò ó nìyẹn. Ojú yín kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́? Wọ́n ní bí mo ṣe bá a ni kí n ṣe tọ́jú ẹ̀."

Ìyá gbé àtẹ ẹ̀wà kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ejìká ń bá rín. Nígbà tó rí ojú ọkùnrin náà, ó dá ẹ̀rín dúró.

Ó ní, "Tẹ́tí kí o gbọ́. Ọjọ́ tí ọkọ mi ra ẹ̀rọ yẹn dé, tìbínú-tìbínú ló fi wọlé. Ó ní àwọn tó ṣe é kò mọ̀ pé Ọlọ́run dá ọlọ́wọ́ òsì. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán fún un, kò wò ó. Ó tú ẹ̀rọ náà kiri títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń yí i padà. Ìgbà tó yí i tán ló tó bi mí pé ẹran òun dà. Ọkọ mi kò fi odindi ọjọ́ kan lo nǹkan yẹn bó ṣe bá a. Ìwọ wá ń lo ọwọ́ ọkọ mi fún oṣù méje."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ wíwú náà, ó ń wò ó.

"Ẹni tó ń kú lọ, o rò pé máòsì ló ń rántí? Bẹ́ǹṣì yẹn ló ń sọ! Kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ má pẹ́. Kí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ níbẹ̀ má bọ́ sí etí ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ti lẹ́tà ilẹ̀ yẹn. Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo wà tí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi, ojú tì mí." Ó nà án ní ìka. "Ohun tó ní kí o má bà jẹ́, o ti ń bà á jẹ́. Ohun tí kò rán ọ, òun lo ń fi ọwọ́ wíwú ṣọ́. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ó bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó tún so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Kò wọlé, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí.

"Èmi ni oníbàárà," ni Ìyá wí. "Ṣe é kí n rí i."

Ọkùnrin náà gbé máòsì láti apá òsì wá sí apá ọ̀tún. Okùn rẹ̀ kọ́kọ́ há, ó gbà á láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó tó. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún máòsì tò. Ó dá iṣẹ́ òsì padà fún òsì. Nígbà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ó dijú, bí ẹni pé ọ̀gá máa ti kọ̀rọ̀ pariwo mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Fáànù ń yí tirẹ̀ lọ.

Ó dín eré ọfà kù.

"Ó tó?" ni Ìyá bi í láti ìta.

"Ó ṣì ń sáré díẹ̀."

"Dín in kù sí i. Ta lò ń bẹ̀rù?"

Ó dín in kù sí i. Ó mú kí ọfà náà tóbi, kó lè rí i láìfún ojú pọ̀. Ó sọ fún ẹ̀rọ kó máa ní sùúrù fún ìka rẹ̀, kó má retí pé kó ṣá a bí adìẹ mọ́. Ó dán an wò. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ìka tirẹ̀ ṣe mọ. Ìwé ṣí.

Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó omi tí èèyàn gbé kaná kó tó hó. Oṣù méje ló fi jìyà nǹkan yìí.

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga gíga yẹn, ó fa àpótí kan wá, ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ti tẹ mẹ́wàá, á pa á mọ́.

Má rò pé ó dẹrùn kíá o. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ń lọ wá máòsì ní ibi tí kò sí mọ́, á kan tábìlì, á padà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ.

Nígbà tí màdáàmù dé ní aago mẹ́rin, ó bá a ní orúkọ kejìlélọ́gọ́rin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì ṣe tán? Ọ̀la ni o! Àwọn òbí ti rán aṣọ!"

Ọkùnrin náà sọ òótọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, kò yọ ìkankan kúrò. Màdáàmù fọwọ́ lérí.

"Ẹ̀yin tí ẹ tún tèmi tò nílé ìwé? Tí mo yìn yín níwájú gbogbo tíṣà? Tiyín wá ń nà yín nílé?"

"Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ o," ni Ìyá wí lórí bẹ́ǹṣì.

Màdáàmù pòṣé, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pè é fún un kó lè yá. "Mojírayọ̀ Ajéwọlé. Mojírayọ̀ o, kì í ṣe Mojísọ́lá, ìyá rẹ̀ lágídí." Oòrùn kò tíì wọ̀ tí orúkọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún fi jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Màdáàmù kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò rí àṣìṣe. Ó gbé e sí abíyá, ó lọ.

Ọkùnrin náà pa iṣẹ́ mọ́. Ó darí ọfà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ìwé dé, ọfà dúró síbẹ̀, ó pa á dé. Ohunkóhun kò ṣẹ́ kù lójú kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn lè kà.

Ìyá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i.

Ó ní, "Ó yá, bí o ṣe bá a ni kí o ṣe tọ́jú ẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á.

Ìyàwó, ó ku ọ̀rọ̀ tìrẹ.

Ààrò tí o fi ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé yìí, èmi ni mo mọ ọ́n. Èmi kúrú, mo mọ ọ́n sílẹ̀. Ojú òsì mi kò fẹ́ èéfín, mo jẹ́ kí èéfín máa gba apá ọ̀tún jáde. Ìwọ ga. Apá ọ̀tún sì ni o máa ń jókòó sí. Láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé yìí, o ń tẹ ẹ̀yìn ba lórí ààrò náà, èéfín ń wọ ojú rẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni gàrí jóná ní ìdí agbada nítorí pé o sá fún èéfín. Ọkọ rẹ ní kí o jẹ́ kí wọ́n gbé ààrò náà sókè. Mo gbọ́ ohun tí o fi dá a lóhùn. O ní, "Ààrò Ìyá ni, mi ò lè fọwọ́ kàn án." Mo gbọ́, mo dákẹ́, mo ń wò ọ́.

Kì í ṣe amọ̀ ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. Gàrí ni. Kó gbẹ, kó má jóná, kó má ní iyanrìn, kí ẹni tó bá rà á lónìí tún padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ìyẹn ni kí o má yí padà. Bí o bá yí i padà, èmi pẹ̀lú rẹ máa jà. Ààrò tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, kí oṣù kan tó pé ni mo ti wó o, òun fúnra rẹ̀ ló bá mi ru omi.

Amọ̀ wà létí odò. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, gbé ọkọ́ wá kí o wó o. Kí o jókòó sí ibi tó bá rọ ẹ̀yìn rẹ lọ́rùn, orúnkún rẹ ni a máa fi wọn gíga rẹ̀, kì í ṣe tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ló ní kí o wó ààrò Ìyá, sọ fún un pé Ìyá ló ní kí o wó o, òun náà ló sì po amọ̀.